Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ kúrò nínú èéfín Sángo lọọ wo igbó àti ihò àpáta, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbéra

Bí ìsinmi ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Sángo àti Ọ̀tà: "Níbo la ó gbé àwọn ọmọ lọ lọ́tẹ̀ yìí?" Àwọn kan á ní etí òkun l'Ékòó ló wu àwọn. Àwọn mìíràn á ní rárá, ibi tí igbó wà, tí àpáta wà, táwọn ò ti ní í gbúròó jẹnẹrétọ̀ làwọn fẹ́ẹ́ lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ń gbé láàárín Tóògéètì sí Ìyànà-Ìyesí mọ bó ṣe máa ń rí. Tẹ́ ẹ bá sá aṣọ funfun sórí okùn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti gba èérí. Ariwo tírélà kì í jẹ́ kí ọmọ ìkókó sùn, èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé, eruku á sì bo orí tẹlifíṣàn kẹ́ ẹ tó nù ún tán. Ta ni ò ní í fẹ́ẹ́ sá fún ìyẹn fún ọjọ́ méjì péré?

Ọ̀rọ̀ wa tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe láti dá yín dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò mi kan ló mú mi kọ ọ́.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan oníke lọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́tà, iṣẹ́ òru ló sì máa ń pọ̀ jù nínú tiẹ̀. Nígbà ọdún Àjíǹde kan, òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì bá àwọn ẹbí ìyàwó rìnrìn àjò lọ sí ìlú kan tí ihò àpáta wà. Mi ò ní í dárúkọ ìlú náà, nítorí ẹ̀bi ìlú kọ́. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò. Ìyàwó àtàwọn ọmọ dúró lẹ́nu ihò, ṣùgbọ́n bàbá ní òun fẹ́ẹ́ mọ ibi tó parí sí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó wọlé. Ibi tó ti rá kò rò pé kò sí nǹkan, ìgbẹ́ àdán tó ti gbẹ ló kún ilẹ̀ bí eérú, bó ṣe ń rá ló ń bù lu ojú àti imú ẹ̀, tí àwọn àdán sì ń fò gba ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ kọjá. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ló ń rín. Ìyàwó ẹ̀ ló ní kó gbọn aṣọ ẹ̀ nù kó tó wọ mọ́tò.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ lọ. Ó lọ sí kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta, ẹni tó wà níbẹ̀ ò gba ẹ̀jẹ̀, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ní, "Maléríà àti táífọ́ọ̀dù ni, bọ̀dá," ó da oògùn oríṣiríṣi sínú ọ̀rá kékeré, ó gbowó. Ara ẹ̀ rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún dé. Ó lọ síbòmíràn, wọ́n fa omi sí i lára. Ikọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́, ṣòkòtò tó ń há a tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ nídìí ẹ̀. Làwọn èèyàn bá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ikọ́ ife ni. Wọ́n yẹ itọ́ ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí ikọ́ ife níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ní ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ gbẹ̀yìn ló wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè. Ó ní, "Ẹ má bínú o, bọ̀dá, ṣé ẹ rìnrìn àjò kankan láti bí oṣù mélòó kan wá?"

Ó ní, "Rárá, mà. Ibi iṣẹ́ àti ilé ni mò ń lọ."

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tí ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tó jókòó síbẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ wọnú ihò àdán níjọ́sí?" Nọ́ọ̀sì gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀, ó lọọ pe dókítà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò àyà ẹ̀, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tuntun. Kòkòrò kan tó máa ń hù nínú ìgbẹ́ àdán ló ti bá mímí wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Oògùn tó bá a mu wà, ó lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara ẹ̀ ti yá báyìí, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó tó ti ná sórí maléríà tí kò ní, àti ìsinmi iṣẹ́ tí wọn ò sanwó ẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ ka fìyẹn sílẹ̀.

KÒ TÚMỌ̀ SÍ PÉ KẸ́ Ẹ JÓKÒÓ SÍLÉ

Ẹ má gbà pé igbó lọ̀tá o. Ìdàkejì ni. Ara tó ti wà nínú ariwo ẹ̀rọ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá nílò ibi tó dákẹ́. Lórílẹ̀-èdè Japan, ọdún 1982 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó ti ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n máa lọ sínú igbó lọọ rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n máa fa atẹ́gùn ibẹ̀ símú bí ẹni tó ń wẹ̀. Àwọn dókítà wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé inú yàrá kan náà ló ti ń wo kátúùnù láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ mú un lọ síbi tó ti lè sáré, kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibo wá lẹ lè lọ? Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi kan ṣoṣo tó jẹ́ igbó kìjikìji, tó jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀, tó tún ní ihò àpáta lẹ́ẹ̀kan náà ní ìtòsí wa, kì í rọrùn láti rí. Okomu tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí kò jìnnà sí Benin, ló jẹ́ igbó kìjikìji tòótọ́. Ọdún 1999 ló di ọgbà ìjọba àpapọ̀, erin àti ọ̀bọ tí ọ̀fun ẹ̀ funfun wà níbẹ̀, àmọ́ igi lẹ ó wò níbẹ̀, kì í ṣe ihò. Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé tiwa, tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1991, ní àpáta àti ihò, ó sì ní ahoro ìlú àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe igbó tó dí.

Èyí tó sún mọ́ Sángo jù lọ ni Olúmọ. Ẹ kàn máa gba ọ̀nà Abẹ́òkúta tó kọjá ní Ìfọ̀ àti Pápáláńtò lọ ni, ẹ lè lọ kẹ́ ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Abẹ́ àpáta yẹn làwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun, lẹ́yìn tí wọ́n dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1830, ibi táwọn ìyá wa ti ń lọ nǹkan lórí òkúta ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ibi tí wọ́n ń mú àlejò dé níbẹ̀ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ń wọ ọ́, kì í ṣe ihò tó ṣókùnkùn tó lọ jìnnà. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré, mo máa ń sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èyí tó wu èmi fúnra mi jù ni Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kì í ṣe ọgbà ìjọba àpapọ̀, àmọ́ Nàìjíríà ti fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO láti ọdún 2007 pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Igbó àti oko kòkó ló yí i ká, òkè gàgàrà ló wà láàárín. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ ó gùn kẹ́ ẹ tó dé òkè, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fẹ́ni tó bá rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún lẹ ó ti rí ààfin àtijọ́ tí Ọwá ìlú náà ń gbé nígbà tí gbogbo ìlú ṣì wà lórí òkè, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ ó rí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ìlú náà, àti ojú ẹsẹ̀ Àgbóògùn lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló máa ń bá mu. Mo ti ki ẹsẹ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Ó bá mi mu, àmọ́ orúnkún mi ò bá àtẹ̀gùn wọn mu rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo jókòó kí n tó débẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ń rìn.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÒKÙNKÙN IHÒ

Ihò àpáta kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní Ihò Eléérú tó wà nítòsí Ìsárún, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, làwọn onímọ̀ ti hú egungun èèyàn kan jáde lọ́dún 1965, tí wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Ilé làwọn ihò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fáwọn tó kọ́kọ́ gbé igbó wa. Ṣùgbọ́n látìgbà téèyàn ti kó jáde, onílé mìíràn ti kó wọlé.

Àdán ni. Kì í sì í ṣe àdán kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí tí wọ́n so rọ̀ sórí igi, irú àwọn tó wà nínú ọgbà fásitì Ifẹ̀, orí igi lòde gbangba ni wọ́n ń gbé. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé èso làwọn náà ń jẹ, àmọ́ inú ihò ni wọ́n ń sùn sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lójú kan. Ara àwọn wọ̀nyí làwọn onímọ̀ ti bá kòkòrò àìsàn Marburg, tó jẹ́ ìbátan Ebola tó wọ Èkó lóṣù keje ọdún 2014. Ṣé ẹ rántí ìgbà yẹn, tí àwọn èèyàn wa ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ihò Kitum fún yín. Inú ọgbà Mount Elgon ní Kẹ́ńyà ló wà, igbó ló bò ó. Ibẹ̀ làwọn erin ti máa ń wọnú ihò lóru lọọ fi eyín họ iyọ̀ jẹ lára ògiri òkúta. Ohun àrà ni, ta ni ò ní í fẹ́ẹ́ wò ó? Lọ́dún 1980, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ṣúgà ní Kẹ́ńyà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bíi tiyín, lo ìsinmi ẹ̀ láti lọ wo ihò náà. Láìpẹ́ sígbà náà, Marburg pa á ní ọsibítù kan ní Nairobi, dókítà tó tọ́jú ẹ̀ náà kó o, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ní 1987, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tó jẹ́ ará Dẹ́nímáàkì lọ sí ihò yìí kan náà. Òun náà kú.

Ti Ùgáńdà ló tún sún mọ́ ohun tí mò ń sọ jù. Nínú igbó Maramagambo, tó wà nínú ọgbà Queen Elizabeth, ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní ihò erè, nítorí pé erè ńlá máa ń wà níbẹ̀ tó ń jẹ àdán. Lóṣù kejìlá ọdún 2007, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan lọ síbẹ̀. Ó padà délé, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọn ò mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ó yè é. Lọ́dún 2008, obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kan láti Hóláńdì wọ ihò náà, ó sì kú lóṣù keje ọdún náà. Nígbà tí ará Amẹ́ríkà yìí gbọ́ ohun tó pa ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fáwọn dókítà pé kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò. Ó di ọdún 2009 kí wọ́n tó mọ̀ pé Marburg ló ṣe é. Ní Ùgáńdà, wọ́n ti ihò náà pa, nígbà tó sì yá, wọ́n kọ́ ibi ìdúró sí ọ̀ọ́kán ẹ̀, pé kí àlejò máa wo àdán àti erè láti òkèèrè.

Ẹ má sọ pé ọ̀nà jìn. Gínì rí Marburg lọ́dún 2021, Gánà rí i ní 2022. L'Ékòó níbí gan-an, ọdún 1956 làwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò kan lára àdán, ìbátan kòkòrò tó ń fa dìgbòlugi ni, orúkọ Èkó ni wọ́n sì fi ń pè é káàkiri àgbáyé dòní. Ní Ìdànrè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn yẹn, ọdún kan wà tí wọ́n máa ń ṣe, táwọn ọkùnrin àtàwọn ọmọdékùnrin á wọ àwọn ihò kan lọọ mú àdán. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun àtàwọn tiwa lọ síbẹ̀ ní 2010 àti 2013 láti wo bí àwọn èèyàn ṣe ń fara kan àdán, ọdún 2020 ni wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde. Mi ò wá bú àṣà ẹnikẹ́ni. Onílùú ló mọ ìlú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àlejò ni mò ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn, ààfin àti ojú ẹsẹ̀ Àgbóògùn tó yín. Ihò tí àdán bá ń gbé, ẹ dúró lẹ́nu ẹ̀.

Ti kòkòrò tó mú aládùúgbò mi wá ńkọ́? Òun ló wọ́pọ̀ ju Marburg lọ fíìfíì. Ó jọ ohun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, àmọ́ inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ àdán ti pọ̀ ló ń gbé. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tú u, á bá eruku gòkè, ẹ ó fà á símú láìmọ̀. Àwọn onímọ̀ wa rí i nínú ihò Ogbunike ní ìpínlẹ̀ Anambra láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ẹni tí ara ẹ̀ le lè má mọ̀ pé òun fà á símú. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn mìíràn ti ń bá jà, ẹni tó ní kòkòrò HIV, àgbàlagbà àti ọmọ kékeré, ó lè bá wọn jà gan-an. Ikọ́ ẹ̀ jọ ikọ́ ife tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń fún àwọn kan ní oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà lórí asán.

KẸ́ Ẹ TÓ GBÉRA

Àjẹsára ibà pọ́njú, èyí táwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní yẹ́lò fífà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín. Ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn yìí láti ara ọ̀bọ inú igbó wá sára èèyàn. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2017 láti Kwara, ó jà ní Ẹdó ní 2018, ìpínlẹ̀ tí Okomu wà gan-an. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn, àmọ́ ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó ṣiṣẹ́ lára, nítorí náà ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án kì í gbà á. Aboyún àti ẹni tí ẹyin adìyẹ kì í bá lára mu, kí wọ́n kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ẹ́ gun àtẹ̀gùn 600. Kì í ṣe orí àpáta ló yẹ kéèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ga. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó fi oògùn tó ń fà símú sápò ara ẹ̀, kì í ṣe sínú báàgì tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú mọ́tò nísàlẹ̀ òkè. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ dáa. Àwọn ìyá wa tí wọ́n máa ń wọ bàtà gogoro nítorí fọ́tò, ẹ dákun, ẹ fi sínú báàgì, ẹ wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ ya fọ́tò tán.

Lórí oúnjẹ, ìrẹsì tí wọ́n sè lóru tí wọ́n dé mọ́ inú kúlà nígbà tó ṣì gbóná ló máa ń da inú ọ̀pọ̀ èèyàn rú lójú ọ̀nà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹyin sísè tí wọn ò tíì bó, ìpékeré àti ọsàn ló dáa jù. Ẹ gbé omi tó pọ̀, ẹ má mu omi inú àpáta bó ti wù kó mọ́ tó. Gààrí tẹ́ ẹ bá gbé dání, inú ike tó ní ìdérí ni kó wà. Mi ò sọ ìyẹn ṣeré. Oǹdó àti Ẹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ́dọọdún, pàápàá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, eku ló sì ń tọ̀ sínú oúnjẹ tó ń fi í kó bá èèyàn. Oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe gé ibi tó jẹ kúrò kẹ́ ẹ jẹ ìyókù.

Ẹ gba ẹni tó mọ̀nà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tẹ́ ò rí ìdí ẹ̀. Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má fi bíléèdì sín ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Kí onítọ̀hún má rìn, ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ náà dúró kó má mì, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Bí àdán bá họ èèyàn tàbí tó bù ú jẹ, kódà kó jẹ́ bíńtín, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ wá lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ra ẹran àdán tí wọ́n bá ń tà lójú ọ̀nà wálé, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti yan.

TẸ́ Ẹ BÁ TI PADÀ SÍ SÁNGO

Ẹ bọ́ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ má gbọn ọn nínú yàrá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ẹ fi omi nu bàtà kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ sàmì sí ọjọ́ tẹ́ ẹ dé lára kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ mọ́kànlélógún síwájú, kẹ́ ẹ sàmì síbẹ̀ náà. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni Lassa tàbí Marburg á fara hàn bí ó bá máa fara hàn, ìdí ẹ̀ sì nìyẹn tí ibà kankan tó bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé lásìkò yẹn kò fi gbọdọ̀ parí sí kẹ́míìsì. Oògùn wà fún Lassa, àmọ́ ìgbà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kòkòrò inú ìgbẹ́ àdán ní tiẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, nítorí náà bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ ṣì gbọdọ̀ rántí ihò náà.

Òótọ́ ni pé maléríà ló máa jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀fọn igbó ò mọ àlejò yàtọ̀. Nítorí ìyẹn lẹ ṣe gbọdọ̀ sọ pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín kí wọ́n tó fún yín ní oògùn maléríà. Tó bá jẹ́ òun, á hàn. Tí kò bá hàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fún yín ní òmíràn "bóyá ó máa gbọ́."

Bẹ́ ẹ bá sì ti jókòó níwájú nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ẹ má dúró kí wọ́n béèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ní èèyàn ogójì tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé: "Mo lọ sínú igbó ní ọjọ́ báyìí, ní ìlú báyìí. Mo wọ ihò," tàbí, "Mi ò wọ ihò. Mo jẹ ẹran igbó. Àdán fara kàn mí." Ẹ má tijú pé wọ́n á ní kí lẹ lọọ wá níbẹ̀.

Aládùúgbò mi tún ti ń múra láti gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí Òkè Ìdànrè lọ́dún yìí. Mo bi í léèrè pé ṣé kò bẹ̀rù. Ó ní rárá, òun ti gba àjẹsára, òun sì ti ra bàtà. Ọmọ ẹ̀ obìnrin yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní, "Àǹtí, èmi ni mo máa dúró lẹ́nu ihò tí mo máa di Dádì mú."